Ìwé ẹ̀rí méjì ni òfin ọ̀dà olójé ń béèrè

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí síbi tí àwọn agbaṣẹ́ṣe wa ní Chicago yóò ti rí i. Káfíńtà, akunlé, púlọ́ńbà àti àwọn tó ń pààrọ̀ fèrèsé ni mo ń bá wí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti jókòó sí kíláàsì wákàtí 8, wọ́n ti gba ìwé ẹ̀rí tó ní fọ́tò wọn lára, wọ́n wá gbà pé àwọn ti bọ́ lọ́wọ́ òfin ọ̀dà olójé, òfin tó ń darí àtúnṣe ilé àtijọ́ tí òjé (lead), tó jẹ́ májèlé fún ọmọdé, lè wà nínú ọ̀dà rẹ̀. Wọn ò tíì bọ́. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ ló ni ìwé yẹn. Iléeṣẹ́ tó gba iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, ìbáà jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo iléeṣẹ́ ọ̀hún, tó ń kó irinṣẹ́ kiri nínú ọkọ̀ rẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gbà á lọ́wọ́ EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò àyíká. $300 ni owó rẹ̀, ọdún 5 ló fi ń ṣiṣẹ́. Àjọ náà lè lò tó 90 ọjọ́ kí wọ́n tó fèsì, nítorí náà kì í ṣe ohun tí ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá lọ́sẹ̀ tí iṣẹ́ fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 1978 ni wọ́n fòfin de ọ̀dà olójé nínú ilé gbígbé ní Amẹ́ríkà. Ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú ọdún yẹn ni òfin ìwé ẹ̀rí yìí dì mú, àti iléèwé tàbí ibi ìtọ́jú tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6 ń lọ déédéé. Láti April 2010 ló ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n a ní iṣẹ́ kékeré kò kan òfin. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ wo bí kékeré náà ṣe kéré tó: nínú yàrá kan, ọ̀dà tí ẹ ó tú kò gbọdọ̀ ju ibi tó fẹ̀ ní fíìtì 2, tó gùn ní fíìtì 3 lọ, lóde ilé, ibi tó fẹ̀ ní fíìtì 4, tó gùn ní fíìtì 5. Ti fèrèsé kò sí nínú àánú yìí rárá. Ẹyọ kan ṣoṣo tí ẹ bá yọ láti pààrọ̀, òfin ti wọlé.

Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Òjé inú ọ̀dà yìí, òjé náà tí àwọn ọlọ́bàtálá ń wọ̀ sọ́wọ́ ni. Wọ́n ń fi sínú ọ̀dà kó lè tètè gbẹ, kó sì fara da òjò àti oòrùn. Ọ̀dà tó wà lára ògiri tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn, tí kò sì bó, kì í dá wàhálà sílẹ̀. Fèrèsé onípákó ló yàtọ̀. Bí wọ́n bá gbé e sókè, ọ̀dà ń ha ọ̀dà. Bí wọ́n bá fà á wálẹ̀, ó tún ń ha á. Ìyẹ̀fun rẹ̀ ń dà sínú kòtò tóóró tó wà nísàlẹ̀ férémù, ó ń jókòó síbẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Ọmọ tó ń kọ́ ìrìn á di etí fèrèsé mú láti wo ìta, á sì ki ìka bọ ẹnu. Ọjọ́ tí káfíńtà bá wá fi irin gbo férémù náà jáde ni gbogbo eruku ọ̀hún dà lẹ́ẹ̀kan.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá òjé wà níbẹ̀, ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí lè fi ohun èlò àyẹ̀wò tí EPA fọwọ́ sí dán an wò. Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe ni pé ọ̀dà òkè nìkan ni wọ́n ń dán wò. Ọ̀dà òkè lè jẹ́ ti ọdún tó kọjá. Ìsàlẹ̀ ni òjé wà. Ẹ fi ọ̀bẹ gé e dé ara pákó. Fèrèsé lọ́tọ̀, ilẹ̀kùn lọ́tọ̀; èsì ọ̀kan kì í ṣe ti èkejì.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fún onílé àti ayálégbé ní ìwé pẹlẹbẹ Renovate Right tí EPA ṣe lórí ewu òjé, kí onílé fọwọ́ sí i pé òun gbà á, kó má sì ju 60 ọjọ́ ṣáájú iṣẹ́ lọ. Ẹ kó àga àti kápẹ́ẹ̀tì kúrò, tàbí kí ẹ fi ọ̀rá bò wọ́n. Ẹ tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀ kó kọjá ibi iṣẹ́ ní fíìtì 6, lóde kó jẹ́ 10. Ẹ dí ihò tí afẹ́fẹ́ hítà ń gbà wọlé, nítorí bí eruku bá gba ibẹ̀, gbogbo yàrá ló pín in. Wọn ò gbọdọ̀ fi iná jó ọ̀dà. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbígbóná kò gbọdọ̀ ju 1,100 lọ lórí ìwọ̀n Fahrenheit. Ẹ̀rọ tó ń ha ọ̀dà kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ láìní èyí tó ń fa eruku rẹ̀ gba inú HEPA, fílítà tó ń dá eruku tó kéré jù dúró.

Lórí HEPA yìí, àwọn kan ń ra fílítà rẹ̀, wọ́n ń kì í bọ inú ẹ̀rọ agbálẹ̀ tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀. Kò dọ́gba. Ẹ̀rọ tí òfin ń wí ni èyí tí wọ́n ṣe látilẹ̀ kí gbogbo afẹ́fẹ́ tó bá fà gba inú fílítà náà kọjá, kó má jò lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tó ń jò ń fẹ́ eruku tó kéré jù padà sáfẹ́fẹ́ ni, òun gan-an sì ni ọmọ ń fà símú.

Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ má káánjú ká ọ̀rá. Ẹ wọ́n omi sí i fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ ká a kí ojú tó dọ̀tí wà nínú. Ẹ fi HEPA fa ilẹ̀, kí ẹ wá fi mọ́ọ̀bù tútù nù ún, omi ìfọ̀ lọ́tọ̀, omi ìṣan lọ́tọ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí fúnra rẹ̀ ni yóò fi aṣọ funfun tútù nu etí fèrèsé kọ̀ọ̀kan àti ilẹ̀, yóò sì fi àwọ̀ aṣọ náà wéra pẹ̀lú ti káàdì tí EPA ṣe fún àyẹ̀wò yìí. Bí aṣọ bá dúdú ju ti káàdì lọ, ẹ tún ilẹ̀ nù. Lójú tèmi, ibí ni òfin ti rọ̀ jù. Ìdọ̀tí ni káàdì ń wò, kò wọn òjé. Ilé tó bá ní ọmọdé, kí onílé kọ ọ́ sínú àdéhùn pé kí wọ́n kó eruku lọ sí láàbù dípò káàdì. Òfin gbà á láyè.

Ẹni tó bá sọdá láti Illinois sí Wisconsin tàbí Iowa, ìpínlẹ̀ wọ̀nyẹn ń ṣe ètò tiwọn fúnra wọn. Kó béèrè níbẹ̀ kó tó mú irinṣẹ́. Ẹni tó gba iṣẹ́ tó tún gbé e fún ẹlòmíràn náà kò bọ́: iṣẹ́ tí àwọn agbaṣẹ́ṣe tí iléeṣẹ́ ìtajà Home Depot gbé iṣẹ́ fún ṣe ló mú kí Home Depot gbà láti san owó ìtanràn $20.75 mílíọ̀nù lọ́dún 2020. Onílé tó ń tún ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé ṣe kò sí lábẹ́ òfin yìí, àyàfi bí ó bá fi apá kan rẹ̀ háyà, tàbí tó ń ra ilé, tó ń tún un ṣe, tó sì ń tà á fún èrè.

Ìwé tí onílé fọwọ́ sí, èsì àyẹ̀wò àti àkọsílẹ̀ bí ẹ ṣe fọ ibi iṣẹ́ mọ́, ọdún 3 ni kí ẹ fi pa wọ́n mọ́. Ìwé ẹ̀rí tiyín náà, ẹ wo ọjọ́ tó máa kú. Kíláàsì wákàtí 4 ti tó láti fún un ní ẹ̀mí míì bí ẹ bá tètè lọ. Bí ó bá ti kú, wákàtí 8 lẹ tún padà sí.

Agbaṣẹ́ṣe kan tó ń ka ìwé ìròyìn yín,
Chicago.