Òrùlé ta ni a fẹ́ gbé sóólà lé?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà kan tí ẹ tẹ̀ jáde láìpẹ́ yìí ló jẹ́ kí n mú bírò. Ẹni tó kọ ọ́ ní jẹnẹrétọ̀ ti mọ́ àwa tí à ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù lára jù, pé ìdí nìyẹn tí òrùlé wa fi ṣófo láìsí sóólà tó ń fi oòrùn mú iná wá, nígbà tí oòrùn Ìlọrin ń ràn lé e lórí láti àárọ̀ dalẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ẹja yìnyín ni mo ń tà ní Gánmọ: Titus, kòtè, ṣáwà, pàǹlá, pẹ̀lú adìẹ àti tòlótòló. N kò tíì rí ẹlẹ́ja kan tó ń fẹ́ máa ra bẹntiróòlù lójoojúmọ́. Ohun tó dá ọ̀pọ̀ nínú wa dúró ni pé a kò ní òrùlé. Ayálégbé ni wá.

Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo wọ Ìlọrin á mọ tèṣàn iná ńlá tó wà ní Gánmọ. Òpó onírin gíga tó gbé wáyà wá láti Jẹ́bà tò lọ bẹẹrẹ lórí oko wa. Jẹ́bà yìí, ìpínlẹ̀ Kwara ló wà, láti ọdún 1985 sì ni wọ́n ti ń fi omi Odò Ọya mú iná jáde níbẹ̀. Àwa tí wáyà ń gba orí wa kọjá la tún ń sùn sínú òkùnkùn. Kò yé mi rí.

Kó tó di òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, iye tí ìjọba fi lé lítà bẹntiróòlù kan kò tó 200 náírà. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,000. Àwọn tí wọ́n tò sí Band A, tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí lójúmọ́ fún, 225 náírà ni wọ́n gbé yúníìtì kan dé fún wọn ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí èyí ń dá sílẹ̀ nínú fíríìsà. Ẹja yìnyín gbọ́dọ̀ dì gbagidi, kí òtútù rẹ̀ wà ní digíríì 18 sísàlẹ̀ òdo. Bí iná bá lọ tó sì pẹ́, èyí tó wà lókè ló kọ́kọ́ ń rọ̀, ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde sínú páálí. Bí iná bá padà dé tó tún dì, ara rẹ̀ ti bàjẹ́. Tí ìyàwó ilé bá gbé e kaná, wẹ́wẹ́ ló máa fọ́ sínú ọbẹ̀, kò sì ní yà sí ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ́. Kó má baà rí bẹ́ẹ̀, ńṣe la máa ń kó o fún àwọn tó ń yan ẹja ní iye tí kò tó owó tí a fi rà á. Ibẹ̀ ni èrè wa ń gbà lọ. Ẹni tó bá ń sọ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ sóólà, kó wá jókòó tì wá ní ọ̀sẹ̀ kan.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ fún bàbá onílé wa pé mo fẹ́ gbé páánẹ́ẹ̀lì, pátákó sóólà tó ń gba oòrùn, sórí ṣọ́ọ̀bù, wọn kò gbà. Inú bí mi gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó tẹ́tí sí wọn, mo rí i pé ohun tó ń kọ bàbá lóminú kì í ṣe kékeré. Wọ́n ní tí ìṣó bá lu páànù tí òjò wá ń jò sórí ọjà ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ta ló máa san án? Wọ́n ní tí mo bá kó lọ lọ́la, ṣé àwọn ni yóò kù tí yóò máa wo ihò? Wọ́n tún béèrè bóyá n kò ní sọ lọ́jọ́ iwájú pé mo ní ẹ̀tọ́ sí ilé wọn nítorí owó tí mo ti ná lé e lórí. Gbogbo ẹni tó mọ bí ẹjọ́ ilé àti ilẹ̀ ṣe pọ̀ tó láàárín wa á mọ̀ pé àròyé bàbá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Èmi náà ní tèmi. Owó tí mo fẹ́ ná lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Bí wọ́n bá wá fi owó ilé kún un nítorí pé ṣọ́ọ̀bù ti di èyí tó ní iná ńkọ́? Bí wọ́n bá ní kí n kó jáde kí ọdún tó yípo ńkọ́? Bátìrì lítíọ̀mù tó dára lè lò tó ọdún mẹ́wàá, páánẹ́ẹ̀lì ń lò ju ogún ọdún lọ, bẹ́ẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan la ń gba ṣọ́ọ̀bù wa. Ibi tí ọ̀rọ̀ sóólà wà fún ọlọ́jà nìyẹn. Lẹ́tà tí ẹ tẹ̀ jáde kò dé ibẹ̀ rárá.

Lọ́yà kan tó máa ń ra adìẹ lọ́wọ́ mi ló là mí lóye. Ó ní lábẹ́ òfin, ohun tí a bá kàn mọ́ ilé, ilé ló ni ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ayálégbé lè tú ohun èlò òwò rẹ̀ kó tó kúrò níbẹ̀. Àárín méjèèjì yìí ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀, ó ní kí a yáa kọ ọ́ sílẹ̀. A kọ ọ́. A ní èmi ni mo ni páánẹ́ẹ̀lì, irin tó gbé e, bátìrì àti ínfátà tó ń sọ iná bátìrì di irú èyí tí fíríìsà ń lò, mo sì lè tú wọn lọ́jọ́ tí mo bá ń lọ, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ dí gbogbo ihò kí n tó dá kọ́kọ́rọ́ padà. Tí òrùlé bá jò níbi tí a ti lu ìṣó, èmi ni n ó tún un ṣe. Tó bá jò níbòmíràn, bàbá ni. Bàbá fún mi ní ọdún márùn-ún tí owó ilé kò ní fò sókè nítorí sóólà. Èmi náà gbà láti fa gílóòbù kan sí iwájú ilé tí yóò máa tàn fún gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù lálẹ́. Àkọ́bí bàbá buwọ́ lù ú pẹ̀lú wọn. Àgbà ni bàbá, kí Ọlọ́run fi ẹ̀mí gígùn jíǹkí wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó máa jogún ilé gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà lórí rẹ̀.

Káfíńtà ni kí ẹ kọ́kọ́ pè kí ẹ tó pe ẹni tó ń so sóólà. Páánẹ́ẹ̀lì 550 watt kan gùn ju ènìyàn lọ, ó sì wúwo tó kílò 28. Mẹ́fà ni tèmi, èyí tó sún mọ́ kílò 170 kí a tó ka irin mọ́ ọn. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ tó pọ̀ lójú ọ̀nà wa, ikán ti jẹ igi rẹ̀ tán lábẹ́ páànù. A pààrọ̀ igi nínú tiwa kí a tó gbé ohunkóhun gòkè. Ní ìlà ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sí wa, páànù lásán ni wọ́n de páánẹ́ẹ̀lì mọ́, ìṣó náà kò kan igi. Afẹ́fẹ́ òjò àkọ́rọ̀ gbé páànù àti páánẹ́ẹ̀lì pọ̀. Ọlọ́run ló yọ àwọn ènìyàn, kò sí ẹni tó wà nísàlẹ̀. Kí ojú páánẹ́ẹ̀lì kọ sí gúúsù, kó dagun díẹ̀ kí òjò lè máa fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi àlàfo sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ kí atẹ́gùn máa fẹ́ ẹ, nítorí ooru ń dín agbára rẹ̀ kù. Nígbà ọyẹ́, àárọ̀ kùtù ni kí ẹ fọ eruku rẹ̀. Ẹ má da omi tútù sí i nígbà tí oòrùn ti mú un gbóná, kó má baà sán.

Mo tún fẹ́ kí gbogbo ọlọ́jà mọ èyí, nítorí iná lè jó ọjà. Bíréékà tí à ń lò fún iná ilé kò gbọ́dọ̀ wà lójú wáyà tó ń bọ̀ láti páánẹ́ẹ̀lì. DC ni iná ti páánẹ́ẹ̀lì, ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń ṣàn sí, kò rí bí iná ilé. Bí bíréékà ilé bá gbìyànjú láti gé e, iná tó ń ta nínú rẹ̀ lè máa jó lọ títí bíréékà náà yóò fi gbiná. Ẹ béèrè bíréékà DC, kí ẹ fi ojú ara yín ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára.

Ní ti fíríìsà, 150 watt tí wọ́n kọ sí i lára kọ́ ló máa fà nígbà tó bá ń gbéra. Ó lè fa ìlọ́po rẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ínfátà tó kéré á sì kú lójú ẹsẹ̀. Fíríìsà mẹ́ta ni mo ní, wọ́n ń jẹ yúníìtì mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ lójúmọ́. Páánẹ́ẹ̀lì mi ń mú ju mẹ́wàá wá lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́. Láti nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ títí di mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo máa ń yí òtútù wọn lọ dé òpin, mo sì ti to ike omi sáàárín ẹja kí omi náà dì. Yìnyín yẹn ló ń ṣọ́ ẹja lóru tí bátìrì ò fi ní ṣiṣẹ́ jù. Ní oṣù keje àti ìkẹjọ tí ìkùukùu pọ̀, a ṣì nílò iná ìjọba, n kò ní parọ́ fún yín.

Owó rẹ̀, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa tí kì í gba èlé ló ṣe é. Wọ́n ra nǹkan náà, wọ́n tà á fún mi ní iye tí a jọ fẹnu kò sí, mo sì ń san án díẹ̀díẹ̀.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ìjọba máa béèrè láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ wọn. Òfin iná mànàmáná ti ọdún 2023 kò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí iná tó ń mú jáde níbì kan kò bá ju mẹ́gáwáàtì kan lọ, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù ẹja tó lè sún mọ́ ìyẹn láéláé. Ibi tí mo ti ń ké sí ìjọba ni pé onílé ni àwọn náà. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ọjà ní ìpínlẹ̀ yìí, ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí ìjọba ìbílẹ̀ ló kọ́ wọn, tí ọlọ́jà ń san owó fún. Kí wọ́n fi gbólóhùn kan sínú ìwé tí wọ́n fi ń fún wa ní ṣọ́ọ̀bù, pé ayálégbé lè gbé sóólà sórí òrùlé, tirẹ̀ sì ni. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá onílé, bí ṣọ́ọ̀bù bá wà ní ìlà kan lábẹ́ òrùlé kan, a lè jọ so ẹyọ kan ṣoṣo tó lágbára, kí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ní mítà tirẹ̀. Ó sàn fún òrùlé yín ju kí olúkúlùkù máa lu ìṣó tirẹ̀.

Ẹ̀yin Olóòtú náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tẹ irú ìwé àdéhùn yìí jáde ní èdè Yorùbá, kó má ju ojú ewé kan lọ, kí ẹni tí kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì lè gé e jáde kó mú un lọ bá onílé rẹ̀. Bí ẹ bá gbà, n ó fi ẹ̀dà tiwa ránṣẹ́ sí yín lẹ́yìn tí mo bá ti pa orúkọ bàbá rẹ́ kúrò lórí rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ẹlẹ́ja,
Gánmọ, ìpínlẹ̀ Kwara.