Sí àbúrò mi: wákàtí ṣì kù

Àbúrò mi,

Nígbà tó o pè mí lánàá, o ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò sí nǹkan," o sì dákẹ́. Mo ń gbọ́ bó o ṣe ń payín keke. Mo bi ọ́ bóyá ẹ lo kọ́ńdọ̀mù, o ní o ò rántí. Crystal meth àti GHB, oògùn olóró méjèèjì, láti òru Sátidé títí ilẹ̀ fi mọ́. Látìgbà yẹn o ò gbé fóònù mi mọ́, ni mo ṣe jókòó kọ lẹ́tà yìí láàárọ̀ Mọ́ńdè.

Kì í ṣe tìtorí pé o fẹ́ràn ọkùnrin ni mo ṣe ń kọ̀wé. O mọ̀ pé bí èmi náà ṣe rí nìyẹn. Mo sì mọ ohun tó ń gbé èèyàn débẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi ìtìjú tọ́ dàgbà, tó bá fa nǹkan yẹn, ẹrù náà á sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀ fúngbà díẹ̀. Tójú bá dá tán, á tún gbé e, á sì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ìtìjú yẹn ló ṣe mí lọ́ṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi dùbúlẹ̀, tí mo kọjú sí ògiri, tí mò ń ro ohun tí nọ́ọ̀sì máa bi mí. Bẹ́ẹ̀ PEP wà, oògùn tó lè dènà HIV lẹ́yìn irú òru bẹ́ẹ̀. Àárín wákàtí 72 lèèyàn gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bó bá ṣe yá tó ló ṣe dáa tó, á sì lò ó fún ọjọ́ 28. Ìgbà tí mo fi dìde, ó ti bọ́. Ara mi le báyìí o. Mò ń lo oògùn mi lójoojúmọ́, àyẹ̀wò ò rí kòkòrò náà lẹ́jẹ̀ mi mọ́, mi ò sì lè kó o ran ẹnikẹ́ni nípa ìbálòpọ̀. Síbẹ̀, mi ò fẹ́ kó o gba ọ̀nà ibẹ̀.

Mo ti ka tìẹ: bíi wákàtí 40 ló kù. Tó o bá dé ilé ìwòsàn, má fi ohun tó o fà àti ohun tó o mu pa mọ́. Àwọn oògùn HIV kan tí wọ́n lè fún ọ, èyí tó ní ritonavir tàbí cobicistat nínú, máa ń jẹ́ kí oògùn olóró pọ̀ lẹ́jẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Kí wọ́n yẹ ọ̀fun àti ihò ìdí rẹ wò fún àtọ̀sí, ìtọ̀ nìkan ò lè sọ gbogbo rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá jọ lo abẹ́rẹ́ kan náà, sọ ọ́, torí mẹ́dọ̀wú C. Oògùn oníhóró wà tó ń wò ó sàn.

GHB yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ọ̀rẹ́ mi kan fi ọtí lé e, ó ń han-anrun, a ní oorun ni. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ síwájú imú rẹ̀, agbára káká ni mo fi mọ̀ pé ó ń mí. Àwọn kan ní ká má pe ẹnikẹ́ni. Mo dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Ó wà láàyè.

Tójú bá ń tì ọ́ láti dá lọ, jọ̀ọ́, gbé fóònù. Mo ti wọ bàtà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ