Ẹyẹ etí ọ̀sà ń tọ́jú owó ọkọ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà òǹkàwé kan tí ẹ tẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo fẹ́ fèsì sí, èyí tó dá lórí iyanrìn tí wọ́n ń dà sí etí ọ̀sà láti fi kọ́lé lọ́dọ̀ wa ní Bàrígà àti Òwòròǹsòkí. Bàbá náà (bí wọ́n ṣe kọ̀wé ló jẹ́ kí n mọ̀ pé àgbà ni wọ́n) ní ẹrẹ̀ lásán ni ibẹ̀, ẹyẹ nìkan ló ń rí nǹkan jẹ níbẹ̀, ẹyẹ sì rèé, ó ní ìyẹ́. Tí a bá dí ibí, á fò lọ síbòmíràn. N kò bá wọn jiyàn lórí ilé tí ọmọ èèyàn ń wá. Èkó kún, gbogbo wa la jọ ń há ara wa mọ́ inú dáńfó. Ọ̀rọ̀ ìyẹ́ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn.

Ọdún 27 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ girama ní ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìntì, etí omi ni mo máa ń jókòó sí láàárọ̀, èmi àti awò awọ̀nàjíjìn tí ọmọ mi fi ránṣẹ́. Bàbá Ẹlẹ́yẹ ni àwọn apẹja ibẹ̀ ń pè mí. Àwọn kan nínú wọn gbà pé orí mi ti dàrú díẹ̀. Kí n tó lọ jìnnà, Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ohun tí ẹ kọ sábẹ́ àwòrán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà yẹn ṣe. Ẹyẹ inú rẹ̀ kì í ṣe lékeléke. Lékeléke funfun báláú, ẹ̀yìn màlúù ni ẹ ti sábà máa rí i. Ẹyẹ inú àwòrán yín láwọ̀ bí ewé gbígbẹ, ẹnu rẹ̀ gùn, ó sì tẹ̀ wá sísàlẹ̀ bíi dòjé. Whimbrel ni Òyìnbó ń pè é.

Ẹyẹ yìí kì í ṣe ará ibí, kì í sì í ṣe àlejò ọjọ́ kan. Òkè lọ́hùn-ún lápá àríwá ayé, ní ilẹ̀ bíi Finland àti Rọ́ṣíà, ni irú rẹ̀ ti ń yé ẹyin, nígbà tí òjò bá ń rọ̀ lọ́dọ̀ wa. Kì í pẹ́ níbẹ̀. Láti oṣù kẹjọ lọ sí ìkẹwàá ló ń dé sí etí omi wa, oṣù kẹrin ló sì ń padà. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò, ọ̀dọ̀ wa ló ti ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ inú wọn tiẹ̀ máa ń jókòó síbí títí òjò á fi kọjá, wọn kì í bá àwọn àgbà lọ ní ọdún àkọ́kọ́. Èyí tí ẹ bá rí lóṣù kẹfà kò ṣìnà.

Akàn ló ń bá ṣe. Ẹ mọ àwọn akàn kéékèèké tó máa ń jáde sórí ẹrẹ̀ tí omi bá ti fà, tí ọwọ́ kan lára akọ wọn tóbi fàkìàfakia, tó ń jù ú sókè sódò bí ẹni tó ń dá mọ́tò dúró. Whimbrel á dúró, á wò ó, á sáré, á ti ẹnu dòjé yẹn bọ inú ihò. Tó bá fa akàn jáde, á gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì títí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á fi máa já dànù, á lọ ṣan ẹrẹ̀ ara rẹ̀ nínú omi, kó tó gbé e mì. Mo ti rí ọ̀kan tó ṣan akàn ju bí èmi ṣe máa ń ṣan ẹ̀fọ́ lọ, ìyàwó mi sì lè jẹ́rìí sí i.

Àwọn ẹyẹ etí omi yòókù ní ọgbọ́n tiwọn. Plover, tí ojú rẹ̀ tóbi, ń fi ojú wá oúnjẹ ni: á sáré díẹ̀, á dúró ṣáńṣán, á bẹ̀rẹ̀, á ṣà á. Àwọn ìbátan sandpiper ń fi ẹnu gún ẹrẹ̀ wéréwéré bí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, torí ṣóńṣó ẹnu wọn mọ nǹkan lára bí orí ìka wa. Ohun tó bá mira nínú ẹrẹ̀, wọ́n á mọ̀. Ìdí nìyẹn tí òkùnkùn kò fi dí wọn lọ́wọ́. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ jẹ lóru, torí omi kì í wo aago: ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ló ń kún, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń fà, ìgbà tó bá fà nìkan ni búkà wọn ń ṣí. Omi Èkó kì í sì í fà púpọ̀. Lẹ́nu òkun, nǹkan bíi mítà kan ni. Nínú ọ̀sà, kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹrẹ̀ tóóró ló ń hàn sí wọn, fún wákàtí díẹ̀, òun náà sì ni a fẹ́ fi iyanrìn bò.

Ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ wá kàn. Sanderling, ẹyẹ kékeré tó máa ń sá tẹ̀ lé ìgbì létíkun, kò wúwo ju ẹyin adìyẹ kan lọ, nǹkan bíi gíráàmù 55. Kó tó gbéra, ó lè fi tó ìdajì ìwọ̀n yẹn kún ara, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rá ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. (Ọ̀rá ara ni mo wí o, kì í ṣe ọ̀rá píọ́ wọ́tà tó kún etí ọ̀sà wa.) Agbára tó wà nínú gíráàmù ọ̀rá kan ju ìlọ́po méjì ti gíráàmù gààrí kan lọ. Ọ̀rá yẹn ni kóló ẹyẹ. Èyí tó bá jẹ lónìí, apá kan ni yóò fi gbé ọjọ́ náà, apá kan ló ń sọ sínú kóló. Láti Èkó dé etí òkun Holland, níbi tí ọ̀pọ̀ irú wọn ti ń yà jẹun kí wọ́n tó máa lọ sókè, ó lé ní ẹgbẹ̀rún 5 kìlómítà. Ẹyẹ tó ń sáré 60 kìlómítà ní wákàtí kan, tí kò dúró rárá, yóò fò ju ọjọ́ 3 lọ. Kò sí búkà lórí aṣálẹ̀ Sàhárà.

Àwọn tó ń lọ jìnnà jù lára wọn tún ń ṣe nǹkan kan tí mi ò yé é fi ya àwọn ọmọ kíláàsì mi lẹ́nu. Tí ọjọ́ ìrìn bá kù sí dẹ̀dẹ̀, iwe àti ìfun wọn á sún kì, bí ẹni tó fi ìkòkò àti àdògán sílé kí ẹrù lè fúyẹ́. Tí wọ́n bá gúnlẹ̀, á tún padà sí bó ṣe wà. Ní 2022, bar-tailed godwit kan (ẹyẹ etí omi ẹlẹ́nu gígùn ni òun náà) tí kò ju ọmọ oṣù márùn-ún lọ fò láti Alaska ní Amẹ́ríkà dé Tasmania ní Australia, 13,560 kìlómítà, ọjọ́ 11, láìbalẹ̀. Ẹ má bi mí bó ṣe sùn.

Bàbá lè sọ pé ibí gbóná, ẹyẹ kì í ná agbára lórí òtútù. Òótọ́ ni, èrè tí wọ́n ń wá jẹ lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn, ibí ni wọ́n ti ń pààrọ̀ ìyẹ́ tó gbó, ìyẹ́ tuntun kì í sì í hù lọ́fẹ̀ẹ́. Oṣù kẹta sí ìkẹrin tí wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ àjẹyó jù náà ni oòrùn Èkó mú jù, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ púpọ̀ fúnra rẹ̀ ń mú ara gbóná. Ẹni tó bá ti jẹ àmàlà gbígbóná lọ́sàn-án gangan tí kò sí iná mọ ohun tí mò ń sọ.

Nítorí náà, ìyẹ́ tí Bàbá ní wọ́n ní, owó ló ń ná wọn. Ní gbogbo ìgbà tí ajá tàbí àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí ẹrẹ̀ bá lé wọn dìde, kóló ni wọ́n ń fọ́, wọ́n sì tún pàdánù oúnjẹ ìṣẹ́jú yẹn. Ibòmíràn tí a ní kí wọ́n lọ ńkọ́? Ọmọ onílẹ̀ wà níbẹ̀. Mi ò ṣàwàdà. Whimbrel máa ń ní ẹrẹ̀ tirẹ̀, á máa lé ẹlòmíràn kúrò níbẹ̀, á sì padà sójú kan náà lọ́dún tó ń bọ̀. Èyí tí a bá lé kúrò ní Bàrígà, ilẹ̀ onílẹ̀ ni yóò bá ara rẹ̀, yóò máa jà níbi tó yẹ kó ti máa jẹ, tàbí kó máa jẹ ní ibi tí akàn kò pọ̀ sí. Ó lè má kú síwájú wa. Ó lè jẹ́ orí aṣálẹ̀ ni kóló rẹ̀ ti máa gbẹ, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní mọ̀.

Nàìjíríà ti wà nínú àdéhùn Ramsar lórí ilẹ̀ olómi láti 2001. Ibi 11 ló wà nínú ìwé náà lórúkọ wa, kò sí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ní ìpínlẹ̀ Èkó. N kò ní kí wọ́n kó ilé tó ti dúró kúrò. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé, níbi tí wọ́n bá ṣì fẹ́ da iyanrìn sí, kí wọ́n fi bèbè ẹrẹ̀ sílẹ̀ níwájú, àti àwọn igi etí ọ̀sà tí gbòǹgbò wọn dúró sórí omi, torí abẹ́ wọn ni akàn ń gbé. Kí ẹ̀yin tí ẹ ń la pákó létí ọ̀sà náà dín lẹ́búlẹ́bú igi tó ń bọ́ sínú omi kù. Ẹrẹ̀ tí ìyẹn bá bò, nǹkan kì í mí níbẹ̀ mọ́.

Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Lóṣù kẹta, tí omi bá ti fà láàárọ̀, ẹ yà sọ́dọ̀ mi létí omi ní Bàrígà. Àwọn apẹja á júwe mi fún yín. Mo ní àga méjì.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì,
Bàrígà, Èkó.