Lẹ́tà sí Àlàní: Gbin Koríko Kí O Tó Ra Màlúù

Àlàní, ọkọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Ìyàwó mi ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ. O ní o fẹ́ fi owó tí wọ́n kó fún ọ níbi iṣẹ́ ra màlúù 20 lẹ́ẹ̀kan náà, kí o kó wọn sórí ilẹ̀ bàbá rẹ lọ́nà Ìsẹ́yìn. Inú mi dùn pé ilé lojú rẹ wà. Àmọ́ láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mi ò ti sùn dáadáa, ni mo bá ní kí àbúrò rẹ jókòó tì mí, kó máa kọ ohun tí mo bá ń sọ.

O mọ̀ pé ọdún 27 ni mo fi jókòó sí ìsọ̀ ẹran. Ìta màlúù ni ìwọ ń rí nínú fídíò tí o fi hàn mí: ara tó ń dán, iké tó ga, ìwo gígùn. Inú rẹ̀ ni èmi ń rí láràárọ̀ ní odò ẹran, ibẹ̀ sì ni ìwà ẹni tó sìn ín máa ń fara pamọ́ sí. Mo rántí ọjọ́ kan tí alápatà dá ṣàkì kan sí méjì níwájú mi. Ọ̀rá ló kún ibẹ̀: ọ̀rá omi, ọ̀rá búrẹ́dì, okùn àpò sìmẹ́ńtì, gbogbo ẹ̀ ti lọ́ mọ́ra wọn, ó tó orí ọmọdé, ó le koko. Màlúù yẹn rù kan eegun kí wọ́n tó pa á, ẹni tó ni ín sì ti ná owó òògùn aràn títí. Màlúù kì í ṣa oúnjẹ bí ewúrẹ́. Ahọ́n ló fi ń wé koríko, á fà á já, á gbé e mì. Ìgbà tó bá dùbúlẹ̀ síbi òjìji ló máa ń rántí jẹ àpọ̀jẹ. Ìṣó àti wáyà ń bá koríko wọlé bẹ́ẹ̀ náà. Mo ti rí wáyà tó gún inú já tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọkàn. Nítorí náà, kí o tó ra ẹran kankan, gba àwọn ọmọ mẹ́rin sórí ilẹ̀ yẹn, kí wọ́n ṣa gbogbo ọ̀rá àti irin ibẹ̀ kúrò, pàápàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Ẹ̀dọ̀ náà tún ńkọ́. Àìmọye ẹ̀dọ̀ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi dànù torí aràn pẹlẹbẹ tó rí bí ewé, tó ń gbé inú rẹ̀. Ibi tí ẹran ti ń kó o ni àbàtà, nítorí ìgbín kékeré inú omi ló ń gbé ọmọ aràn náà kiri. Ilẹ̀ tiwa ní etí odò nísàlẹ̀. Mọ ọgbà dí ibẹ̀. Omi ni kí o fà wá bá ẹran nínú ọpọ́n, má jẹ́ kí ẹran wọ odò lọ bá omi.

Wàyí o, jẹ́ ká ṣírò. Màlúù tó wọn kìlò 250 ń jẹ koríko tútù tó kìlò 25 sí 30 lójúmọ́. Ogún rẹ̀ ń jẹ kìlò 500 sí 600. Ta ni yóò máa gé e, lójoojúmọ́, títí kan ọjọ́ Àìkú, títí kan ọjọ́ ọdún? Omi ńkọ́? Nígbà ooru, ẹyọ kan lè mu lítà 40. Ogún á mu lítà 800, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méjìlélọ́gbọ̀n, láti inú kànga tí ìwọ náà mọ̀ pé ó ń gbẹ tó bá di oṣù Kejì. Ohun tó lé oorun lójú mi gan-an nìyẹn.

Koríko ni kí o kọ́kọ́ sìn. Gbin èèsún tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀. Pòpórò rẹ̀ tó ní ìkókó mẹ́ta ni kí o rì bọlẹ̀ bí ẹni gbin ìrèké. Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta o lè gé e nígbà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kó máa jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ síra. Má jẹ́ kó gbó. Èèsún tó gbó kò yàtọ̀ sí igi ìdáná lẹ́nu ẹran. Gbin igi àgúnmáníyè yí ọgbà ká dípò òpó gbígbẹ. Ó ń hù, ó ń di wáyà mú, ewé rẹ̀ sì ń ra ẹran padà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ewé ẹ̀pà àti pòpórò àgbàdo tí àwọn ará Ìsẹ́yìn ń dáná sun lẹ́yìn ìkórè, rà á lọ́wọ́ wọn, kó o pamọ́ sábẹ́ òrùlé. Èyí tó kù lára èèsún nígbà òjò, gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kó o sínú kòtò, kí àwọn ọmọ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí atẹ́gùn ò fi ní ráyè, kí o fi tápólì bò ó, kí o da yẹ̀pẹ̀ lé e. Tí o bá ṣí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, òórùn rẹ̀ á máa kan díẹ̀ bí omidùn ògì. Tó bá dúdú tó sì ń rùn, má fún ẹran.

Èèpo gbágùúdá dára, àwọn oníyẹ̀fun lè fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Àmọ́ sá a kó gbẹ. Tútù rẹ̀ ní májèlé tó lè pa màlúù kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo mọ̀ pé màlúù funfun oníwo gígùn ni o fẹ́. Òun ni bàbá rẹ náà fẹ́. Ọdún tí o wọ ilé ìwé gíga, a ra márùn-ún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ látinú tírélà tó ti òkè Ọya dé, lóṣù Kẹfà, tí igbó ti kún. Láàárín oṣù méjì wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rù, omijé ń dà lójú wọn, ibà ń lọ ibà ń bọ̀. Ẹnì kan ta ìyẹ̀fun funfun kan fún wa lọ́jà, ó ní òògùn ni. Mẹ́ta kú. Dókítà ẹran tí a pè nígbà tó ti pẹ́ jù ló sọ fún wa pé eṣinṣin tsetse ni, ó ń gbin àrùn sínú ẹ̀jẹ̀ wọn bó ṣe ń mu ún. Kétékú kan ṣoṣo tí a rà ní gàá lẹ́yìn ìlú kò tilẹ̀ ṣàìsàn. Ara tirẹ̀ ti mọ àrùn náà, torí ìyá ìyá rẹ̀ jẹ́ mùtúrù, màlúù kúkurú ilẹ̀ igbó wa. Ìdí nìyẹn tí ìjọba àtijọ́ fi ń sin irú màlúù tí wọ́n ń pè ní N'Dama ní oko Fáṣọlá nítòsí Ọ̀yọ́: kò ga, kò ní iké, àmọ́ igbó wa ò lè tètè pa á. Tó bá jẹ́ pé ẹran tí yóò bímọ lo fẹ́, kétékú ni kí o bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Tó bá jẹ́ èyí tí o máa bọ́ sanra fún oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí o sì tà, akọ funfun dára, kó máa jẹ́ lẹ́yìn òjò.

Tí o bá dé ọjà màlúù Akínyẹlé, má jẹ́ kí ẹlẹ́ran fi ẹnu wọn màlúù fún ọ. Mú téèpù aránṣọ dání. Wọn àyà rẹ̀ yípo lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, wọn gígùn rẹ̀ láti èjìká dé ìdí. Sọ ìwọ̀n àyà di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, tún sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú gígùn, kí o pín in sí 10,840. Àyà sẹ̀ǹtímítà 150, gígùn 125, ó ń lọ sí kìlò 260. Ìdajì rẹ̀ péré ló máa di ẹran lórí tábìlì; mo mọ ìyẹn láìwo ìwé. Kí o wá ya ẹnu rẹ̀. Màlúù ò ní eyín iwájú lókè, erìgì ló wà níbẹ̀. Nísàlẹ̀, tí méjì àárín bá ti tóbi ju àwọn tó kù, ó ti tó nǹkan bí ọmọ ọdún méjì. Tí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá ti tóbi, ó ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́rin, ẹgbọrọ kọ́ ni wọ́n ń tà fún ọ. Imú gbígbẹ, ìdí tó dọ̀tí, ẹran tó dúró lóun nìkan: máa lọ. Abo tí wọ́n bá sì ń tà fún ọ ní owó pọ́ọ́kú, pe dókítà kó yẹ̀ ẹ́ wò. Oṣù mẹ́sàn-án ni màlúù fi ń lóyún, mo sì ti rí ọmọ tó ti hùrun nínú ìyá rẹ̀ ní odò ẹran ju iye tí mo lè kà lọ. Mi ò jẹ lára irú ẹran bẹ́ẹ̀ rí.

Èyí tí o bá rà, yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó dàpọ̀ mọ́ àwọn tó wà nílé. Yọ eégbọn lára rẹ̀, ní abẹ́ ìrù àti inú etí, níbi tí ojú ò tètè dé. Tí abo bá bí, kí ọmọ mu omi ọmú àkọ́kọ́, èyí tó ki tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, láàárín wákàtí mẹ́fà. Ọmọ tí kò rí i mu kì í sábà pẹ́.

Ti ẹlẹ́dẹ̀ tí o tún mẹ́nu bà, gbàgbé ẹ̀ ná. O rí ohun tí ibà ẹlẹ́dẹ̀ ṣe fún àwọn tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní Òkè-Àrò lọ́dún 2020. Ewúrẹ́ ìbílẹ̀ ni mo fara mọ́: oṣù márùn-ún ló fi ń lóyún, ó sábà máa ń bí ìbejì, ewé ìyeyè lásán ń tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kí o sáà ti gba abẹ́rẹ́ àrùn kata tó ń pa ewúrẹ́ fún wọn.

Má sì rò pé o lè tú wọn sílẹ̀ kí wọ́n wá oúnjẹ fúnra wọn. Ìjọba Ọ̀yọ́ ti fòfin de dída ẹran káàkiri láti ọdún 2019, àwọn tó sì pààlà pẹ̀lú wa, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n gbìn. Bàbá wọn àti bàbá rẹ jọ pín ilẹ̀ náà láìjà.

Mo ti bá ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ ní Adó-Àwáyè, ó ní pòpórò èèsún tó lè gbin éékà méjì. Owó ìyẹn àti ti àwọn tó máa ṣa ọ̀rá ni kí o fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí. Akọ mẹ́ta la máa rà lóṣù Kọkànlá, èmi ni màá ya ẹnu wọn fúnra mi. Mú bàtà òjò rẹ bọ̀, èyí tó wà nílé ti lu.

Ìyá rẹ.