Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Havana

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà, ṣé òtútù Lọ́ńdọ̀nù kò pọ̀ jù? Inú mi dùn pé Havana, olú ìlú Kúbà, ló kàn. Àmọ́ kí o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, mọ èyí: ẹni tó bá ti dé Kúbà láti oṣù kìíní 2021 kò lè fi ESTA (ìyọ̀ǹda orí ayélujára tí a fi ń wọlé láìgba físà) wọ Amẹ́ríkà mọ́, àfi kó gba físà. Pásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì lò ń lò, nítorí náà ó kàn ọ́. Kó owó dání, kó sì jẹ́ ẹyọ kéékèèké. Káàdì báǹkì Amẹ́ríkà kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Iná máa ń lọ gan-an, mú tọ́ọ̀ṣì.

Plaza de Armas, gbàgede àtijọ́ ìlú náà, ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, láago mẹ́jọ àárọ̀, kí oòrùn tó mú. Bàtà pẹlẹbẹ ni kí o wọ̀, torí òkúta ló kún títì. Níwájú ààfin àwọn gómìnà Sípéènì nìkan ni wọ́n ti gé pákó bíi bíríkì tẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní kí ariwo kẹ̀kẹ́ ẹṣin má baà dí gómìnà lọ́wọ́ ni. Ní òdìkejì ni El Templete wà, ilé kékeré tí wọ́n kọ́ ní 1828 síbi tí wọ́n ní wọ́n ti dá ìlú náà sílẹ̀ lábẹ́ igi ní 1519. Má yára kúrò níbẹ̀. Àràbà ni igi tó wà níbẹ̀, wọ́n ti tún un gbìn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, síbẹ̀ Ìrókò ni àwọn olórìṣà Kúbà ń kí nínú àràbà. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ kò rí ìrókò, ni wọ́n bá gbé orúkọ rẹ̀ lé igi tí wọ́n rí. Ní òru ọjọ́ 15 mọ́jú ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá, èrò máa ń tò láti yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta, kí oníkálùkù tọrọ tiẹ̀.

Kàtídírà kò jìnnà síbẹ̀. Sún mọ́ ògiri rẹ̀ kí o fọwọ́ kàn án: wàá rí àpá iyùn àti ìkarahun òkun nínú òkúta náà. Capitolio, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, lè dúró, òde lo ti lè wò ó.

Regla, àdúgbò tó wà ní òdìkejì èbúté, ni mo bẹ̀ ọ́ pé kí o má fò. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbéni sọdá síbẹ̀. Má gbé àpò ńlá, wọ́n máa ń yẹ ẹrù wò. Ère Màríà tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀ dúdú, ọmọ tó gbé dání funfun, Yemọja wa sì ni wọ́n ń kí nínú rẹ̀. Ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ni ọdún rẹ̀. Láàárín omi, wàá rí ẹni tó rọra ju owó wẹ́wẹ́ sínú òkun. Má ya fọ́tò ẹnikẹ́ni láìtọrọ àyè.

Tó bá di alẹ́, lọ sí La Cabaña, odi ológun àtijọ́ tó wà lórí òkè ní òdìkejì èbúté. Abẹ́ omi ni títì gbà, nítorí náà wọ takisí, kí ẹ sì dúnàá-dúrà lílọ àti bíbọ̀, torí ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo èrò máa ń jáde. Ní 1762, orí òkè yìí tí Sípéènì kò mọ odi sí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti yìnbọn sí odi Morro tó ń ṣọ́ ẹnu èbúté. Wọ́n tún gbẹ́ abẹ́ ògiri rẹ̀, wọ́n fi ẹ̀tù fọ́ ọ. Nígbà tí Sípéènì gba ìlú padà ní 1763, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ odi síbẹ̀, ó di 1774 kó tó parí. Aago mẹ́sàn-án gééré ni wọ́n ń yin àgbá lálaalẹ́, bí wọ́n ti ń ṣe láyé ìgbà tí wọ́n ń ti ibodè ìlú. Dé ibẹ̀ ní aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀, kí o lè rí ibi dúró, kí o sì di etí rẹ.

Kọ̀wé sí mi tí o bá ti mú ọjọ́. Kí ọkọ rẹ fún mi.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Mojísọ́lá