Àdùkẹ́, kọ́kọ́ fa ìlà yí i ká

Àdùkẹ́ mi,

Mo rí fọ́tò ìwé ìdánwò kẹ́mísírì tó o fi ránṣẹ́, èyí tó dá lórí ooru, iṣẹ́ àti agbára. Mo mọ̀ pé máàkì yẹn dùn ọ́, torí mo mọ bó o ṣe ń jí lóru kàwé. Mo jókòó tì í pẹ̀lú bírò pupa mi àtijọ́, mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Ìṣirò rẹ ò burú. O kàn sáré mú fọ́múlà kó o tó mọ ohun tí ò ń wò ni, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ tí mo kọ́ ní kẹ́mísírì ti ń ṣubú.

Ṣé o rántí amù ìyá àgbà? O máa ń fọwọ́ ra ara rẹ̀ tó lómi, o ní ó tutù ju afẹ́fẹ́ lọ. Omi tó ń jò sára amù ló ń gbẹ, bí gíráàmù kan bá sì ti gbẹ, ó máa gba ooru tó tó 2,400 joule (joule la fi ń wọn agbára) lọ. Bó o bá fa ìlà yí omi inú amù ká, láti fi hàn pé òun lò ń wò, ooru jáde, q, ìyẹn ooru tó gba ìlà náà kọjá, ní àmì ìyọkúrò. Fa ìlà náà yí omi tó ń gbẹ ká, ooru kan náà wọlé, q ní àmì àròpọ̀. Torí náà, kó o tó kọ ohunkóhun, fa ìlà rẹ sórí bébà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ rí. Gáàsì tó ń ti pisitín sókè ń náwó ni, w rẹ̀, ìyẹn iṣẹ́, gbọ́dọ̀ ní àmì ìyọkúrò nínú ìwé tìrẹ. Ìwé tí wọ́n fi kọ́ èmi kọ òfin kìíní, òfin pé agbára kì í ṣègbé, báyìí: ΔU (ìyípadà agbára inú) = q − w, torí iṣẹ́ tí gáàsì fúnra rẹ̀ ṣe ni wọ́n ń kà. Tìrẹ kọ ọ́ ní q + w, torí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sí gáàsì ni wọ́n ń kà. Kò sí èyí tó parọ́ nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n má pò wọ́n pọ̀ láé. Mo fura pé ìwé mi tó o kó lọ ló dà ọ́ rú ní ìbéèrè kejì.

Ìbéèrè kẹrin wá ni mo fẹ́ ká jọ wò. Mole kan (ìwọ̀n iye) gáàsì ideal, ìyẹn gáàsì tí a gbà pé àwọn ìpín rẹ̀ kì í fa ara wọn, ní 25 °C, fẹ̀ láti lítà 10 dé lítà 20, ìgbóná rẹ̀ ò yí padà. O fi 25 sípò T, ìyẹn ìgbóná, o rí 144. Kelvin ni T ń fẹ́, ọmọ mi, ìyẹn °C tí a fi 273 kún: 298. Bó bá fẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí títì (pressure) òde ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú tinú, 8.314 (R, nọ́ńbà gáàsì tí kì í yí padà) × 298 × 0.693 (ln 2, torí lítà 20 jẹ́ ìlọ́po méjì 10) fún wa ní nǹkan bí 1,717 joule tó jáde. Bó bá jẹ́ pé lójijì ni wọ́n dín títì òde kù dé ibi tí ti gáàsì máa parí sí, 1,239 joule péré ni. Bó bá fẹ̀ sínú òfìfo, kò rí nǹkan kan tì, iṣẹ́ di òdo. Síbẹ̀ ΔU jẹ́ òdo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí ìgbóná nìkan ni agbára inú gáàsì ideal ń tẹ̀ lé. Ooru tó wọlé ló ń dí iṣẹ́ tó jáde, joule fún joule.

Láti Ìbàdàn, bó o gba Ọ̀yọ́, bó o gba Ìwó àti Òṣogbo, Ògbómọ̀ṣọ́ náà lo máa dé. Owó ọkọ̀ ni kò ní dọ́gba. ΔU ni Ògbómọ̀ṣọ́. Q àti w ni owó ọkọ̀.

Tún ìbéèrè kẹrin ṣe lálẹ́ òní, ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó o ya fọ́tò rẹ̀ fún mi. Mi ò ní sùn títí á fi dé. Màmá rẹ ní kó o jẹun kó o tó bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ