Ìbéèrè Kejì
(Ọ̀rọ̀ olùṣọ́-àgùntàn)

Ẹ̀yin ará, mo kí yín nínú Olúwa. N kò fi bẹ́ẹ̀ sùn lọ́sẹ̀ yìí. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, ìyá kan pè mí láti Òmù-Àrán, ìyá jámbáìtì, akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, tí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ kò ṣí fún ọjọ́ mẹ́ta. Kò pariwo, kò sunkún. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí: "Pásítọ̀, ṣé ẹ mọ ọmọ mi?"

Láti ìgbà náà ni ọkàn mi ti wà nínú Jẹ́nẹ́sísì 16:8. Hágárì ti sá dé etí ìsun omi ní ijù, áńgẹ́lì Olúwa bá a níbẹ̀, ó bi í ní ìbéèrè méjì: níbo ni ìwọ ti ń bọ̀? Níbo ni ìwọ sì ń rè? Ẹ fara balẹ̀ kà á. Hágárì dáhùn ti àkọ́kọ́, ó ní òun sá kúrò níwájú Sáráì. Kò dáhùn èkejì. Kì í ṣe pé ó fi nǹkan pa mọ́. Kò mọ ibi tó ń rè ni. Áńgẹ́lì náà kò sì na ìka sí i. (Mo mọ̀ pé ó ní kó padà sílé. Ìyẹn le, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.) Ohun tó gún mi lọ́kàn ni pé orúkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ pè. Ábúrámù àti Sáráì kò pè é lórúkọ nínú orí yẹn. "Ìránṣẹ́bìnrin" ni wọ́n ń wí.

Ibi tí jámbáìtì wà gan-an nìyẹn. Ó mọ ilé tó ti wá. Ẹ̀kọ́ tí kò yàn ni JAMB fún un, wọ́n wá ń bi í pé kí ló fẹ́ dà. Lọ́dún 1976 tí Yunifásítì Ìlọrin gba akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́, 200 ni wọ́n. Èèyàn 200 lè mọ orúkọ ara wọn. Lónìí, ẹ dúró sí Òkè-Odò láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, kí ẹ wo bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń du mọ́tò. Ta ló mọ ta?

Mo rí káàdì àlejò kan nínú Bíbélì mi lánàá. Bírò búlúù, ìkọ̀wé ọmọ tó fara balẹ̀. Níbi tí a ti béèrè ẹgbẹ́ tó fẹ́ wọ̀, kò fi àmì sí akọrin, kò fi àmì sí agbàlejò. Ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé: "Mi ò tíì mọ̀, mo fẹ́ kọ́kọ́ wò ó ná." Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni káàdì yẹn ti wà níbẹ̀. Èmi ni mo fi ń sàmì ojú ìwé.

Torí náà, bí mo bá bá yín wí, mo ti bá ara mi wí ná. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́lé fún akẹ́kọ̀ọ́, ẹ mọ ọjọ́ tí owó ilé pé. Ẹ mọ yàrá tí iná ti jó mọ́jú. Bí ilẹ̀kùn kan kò bá ṣí fún ọjọ́ mẹ́ta ńkọ́? Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́, ọmọ á wọlé lónìí, ẹ ti wọn aṣọ ẹgbẹ́ sí i lára lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bó bá ní òun fẹ́ wo ibòmíràn, ẹ ó ní kò lójú kan. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún! Ẹ̀yin tí ẹ sì ń sọ ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá yìí kiri láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí ẹ ń béèrè ẹni tó ń bá rìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́. Ká ní ó rí ẹni bá rìn ni, a ò ní wà lẹ́nu èyí.

Ẹ má bínú sí mi. Lọ́dún kìíní tèmi, mo kọrin, wọ́n ní kí n rọra. Mo gbá bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ mi yẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ẹgbẹ́ wa ni mo wá rí tún ṣe, ìdí jẹnẹrétọ̀ olóòórùn pẹtiróòlù yẹn ni mo ti bá àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta pàdé, a ṣì jọ wà títí dòní.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yìí náà tọ́ ọ wò: oṣù kan lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé, oṣù kan nídìí máìkì, kí wọ́n sì lè kúrò láìjẹ́ pé a fajú ro. Bí ẹgbẹ́ tí wọ́n rí nínú ọgbà ilé-ìwé bá tẹ́ wọn lọ́rùn ju tiwa lọ, ẹ súre fún wọn. Lẹ́yìn ìsìn òní, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú ọmọ kan lọ jẹun. Ẹ má bi í ní máàkì. Ẹ béèrè oríkì rẹ̀, kí ẹ sì máa fi pè é.

Ìkéde: Ẹ̀kọ́ Bíbélì ti bọ́ sí Ọjọ́rú, aago márùn-ún àbọ̀. Ìmọ́tótó ọgbà, Sátidé. Ìdérí kúlà aláwọ̀ ewé kan wà lọ́dọ̀ ìyá ìjọ, kí ẹni tó ni ín lọ gbà á. Mọ́tò tó ń lọ sí Òmù-Àrán lọ́la á kúrò níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ní aago méje àárọ̀. Àyè mẹ́rin ló kù.